Ìyá ìbejì, ẹ fi orí kìíní sílẹ̀ ná

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Aránṣọ ni mí ní Ìbàdàn, mo ní ṣọ́ọ̀bù, mo ní ọmọ iṣẹ́ méjì, mo sì bí ìbejì tí wọ́n ti pé ọmọ ọdún mẹ́rin. Ní oṣù Disẹ́ńbà tó kọjá ni mo parí ìtàn àròsọ kan tí mo ń fi fóònù kọ, orí méjìlélógún. Àtìgbà náà ni mo ti ń tún un ṣe. Mo ti tún orí kìíní kọ tó ìgbà mọ́kànlá, n ò tíì fojú kan orí kẹrin. Wọ́n ní kí n máa jí ní aago mẹ́rin ìdájí. Mo jí fún ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹrin, mo sùn lọ lórí mashíìnì, díẹ̀ ló kù kí abẹ́rẹ́ gún mi níka. Báwo lẹ̀yin ṣe ń rí àyè? Báwo lèèyàn sì ṣe ń mọ̀ pé orí kan ti dáa? Mo fi ìpínrọ̀ kan há inú lẹ́tà yìí, ẹ bá mi wò ó. Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN: Ìyá ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ, ẹ sì kú àfaradà. Ẹni tó fi fóònù kọ orí méjìlélógún láàárín aṣọ oníbàárà àti ariwo ìbejì ti ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ní tábìlì àti àga kò ì tíì ṣe. Torí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọ̀lẹ ló ń ṣe yín. Kì í ṣe ọ̀lẹ ló dá yín dúró sí orí kìíní.

Ohun tó dá yín dúró ni pé "mo fẹ́ tún ìwé mi ṣe" kì í ṣe iṣẹ́. Kò níbẹ̀rẹ̀, kò lópin. Bí oníbàárà bá gbé búbà wá tó ní "ẹ bá mi tún un ṣe", ẹ̀yin náà á bi í pé kí ló ṣe é. Ṣé apá ló fún un ni, àbí ọrùn ló gbòòrò jù? Bí kò bá lè sọ, ẹ ẹ́ ní kó wọ̀ ọ́ kí ẹ wò ó, ẹ ò kàn ní gbé sísọ́ọ̀sì kí ẹ máa gé e kiri. Àmọ́ ní ti ìwé, alaalẹ́ lẹ̀ ń ṣí fóònù tí ẹ̀ ń wá ohun tí ẹ máa tún ṣe, ẹ ò sì tíì sọ fún ara yín ibi tó fún. Ọwọ́ á wá gba ibi tó mọ̀nà jù lọ. Orí kìíní nìyẹn. Ẹ ti mọ gbogbo kọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹ lè pààrọ̀ "dáadáa" sí "dáradára", kí ẹ tún dá a padà lọ́jọ́ kejì, kí ó sì dà bíi pé ẹ ṣiṣẹ́.

Ìbéèrè méjèèjì yín, ti àyè àti ti bí orí kan ṣe ń dáa, ọ̀kan náà ni wọ́n lójú mi. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ tó fẹ́ fi ogún ìṣẹ́jú ṣe, kódà bí wọ́n fún un ní odindi ọjọ́, orí kìíní náà ni yóò máa yí ká.

Ẹ jẹ́ kí a ti ti aago mẹ́rin yẹn kúrò lọ́nà ná. N ò gbà á gbọ́. Àwọn kan wà tí ìdájí bá lára mu, wọn ò ní ọmọ ọdún mẹ́rin méjì tó ń jí wọn lóru, tàbí kí ẹlòmíràn máa bá wọn gbé e. Ẹ wo ọjọ́ tiyín bó ṣe ń lọ fúnra rẹ̀. Mo mọ ṣọ́ọ̀bù aránṣọ díẹ̀. Ìyàwó mi kì í ra aṣọ tí wọ́n ti rán sílẹ̀. Láàárọ̀, ẹ ti kó àwọn ọmọ dé iléèwé, àwọn ọmọ iṣẹ́ ń gbálẹ̀, wọ́n ń nu mashíìnì, oníbàárà tó máa wá jà nítorí aṣọ ẹbí kò ì tíì jí. Àyè yẹn kì í pọ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń wà. Ẹ fi ìwé yín so mọ́ ìgbálẹ̀, ẹ má fi so mọ́ aago. Bí wọ́n bá ti gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ẹ gbé ìwé. Ogún ìṣẹ́jú, kó má lé. Ẹ jókòó sórí bẹ́ǹṣì oníbàárà, ẹ má jókòó sídìí mashíìnì, torí ẹsẹ̀ yín á máa wá pẹ́dà. Ẹ pa dátà.

Mo fi ìgbálẹ̀ ṣe ìdákọ̀ró nítorí pé kò sí ọjọ́ tí wọn ò ní gbá a. Aago máa ń tàn wá. Òjò á rọ̀, ọmọ kan á gbóná, aago mẹ́jọ á di mẹ́sàn-án, èèyàn á ní "ó ti bọ́, ó di ọ̀la". Ìgbálẹ̀ ò mọ aago. Ìgbà tí wọ́n bá gbá a náà ni àsìkò rẹ̀.

Bí àsìkò aṣọ ọdún tàbí ìgbéyàwó bá dé, tí aṣọ gun ara wọn dé àjà, ẹ má tan ara yín. Ẹ máa ka ojú ìwé kan ṣoṣo lójúmọ́ nígbà náà, ẹ má sì tún nǹkan kan ṣe nínú rẹ̀. Kíka yẹn nìkan ni kò ní jẹ́ kí ìtàn náà di àlejò sí yín. Mo ti fi iṣẹ́ kan sílẹ̀ fún oṣù mẹ́rin rí nítorí ìsìnkú àti ìdánwò ọmọ. Nígbà tí mo padà, mo fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko mọ̀ ọ́n padà bí ẹni tó ń mọ àna rẹ̀.

Ẹ̀yin ń ro pé ẹni tó bá ń kọ̀wé gbọ́dọ̀ ní ìfọ̀kànbalẹ̀. I. B. Thomas, tó jẹ́ olóòtú ìwé ìròyìn Akéde Èkó, ló ń kọ àwọn lẹ́tà "Sẹ̀gilọlá", ìtàn ìgbésí ayé obìnrin kan, tó sì ń tẹ̀ wọ́n jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ní 1929 wọ 1930, kó tó kó wọn jọ di ìwé. Ìwé ìròyìn tó gbọ́dọ̀ jáde lọ́sẹ̀ yẹn ni ìdákọ̀ró tirẹ̀. Ó ní ìròyìn mìíràn tó ń kọ, ó ní òǹtẹ̀wé tó ń dúró dè é. Ọ̀pọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n ló sì ka iṣẹ́ yẹn sí ìtàn àròsọ gígùn àkọ́kọ́ lédè Yorùbá. Ó rí àyè bó ṣe rí i.

Ó yá, kí lẹ máa fi ogún ìṣẹ́jú ṣe?

Ìpele àkọ́kọ́, ẹ má tún ohunkóhun ṣe. Mo mọ̀ pé yóò nira, ọwọ́ yín á máa yún yín. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí kẹrin tí ẹ ò tíì fojú kàn láti Disẹ́ńbà, ẹ kà á sókè, kí ẹnu yín gbé e jáde, orí kan láàárọ̀ kan. Orí tó gùn níwọ̀nba kì í gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún lọ láti kà sókè. Bí ẹ bá ń ṣe é lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀, gbogbo orí méjìlélógún kò ní gbà yín tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, pẹ̀lú orí kìíní, ìkejì àti ìkẹta tí ẹ máa fi sí ìparí. Ẹ gba ohùn ara yín sílẹ̀ lórí fóònù bí ẹ ṣe ń kà á. Lọ́sàn-án, nígbà tí mashíìnì bá dákẹ́ tí ẹ̀ ń fọwọ́ rán bọ́tìnnì, ẹ gbé e sétí kí ẹ gbọ́.

Èdè Yorùbá kì í fara pa mọ́ fún etí. Ojú máa ń dárí jini. Ojú rí ohun tí ẹ ní lọ́kàn, kì í rí ohun tí ẹ kọ. Àmọ́ bí ẹ bá gbọ́ ọ lẹ́nu ara yín, gbólóhùn tó bá kọsẹ̀, ahọ́n á kọsẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ibi tí ó bá ti kọsẹ̀, ẹ sàmì sí i. Ibi tí ó bá ti sú yín, ẹ kọ "ó sú mi" síbẹ̀. Ibi tí ẹ bá ti gbàgbé pé ẹ̀yin lẹ kọ ọ́, ẹ fi ìràwọ̀ sí i. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ lo ìwé tí ẹ ń kọ ìwọ̀n oníbàárà sí. N ò ṣeré. Ẹ ra irú rẹ̀ mìíràn, kí ẹ máa kọ ìwọ̀n àwọn ẹ̀dá ìtàn yín sí i. Ọjọ́ orí wọn, ìlú wọn, ọmọ ta ni wọ́n, ta ni wọ́n ń pè ní "ẹ", ta ni wọ́n ń pè ní "o", ta ló ń pe àwọn náà ní "ẹ". Bí Èkìtì bá wà lẹ́nu ìyá kan ní orí kejì, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kó má lọ di ará Ọ̀yọ́ ní orí kẹsàn-án. Ẹ̀gbẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ oṣù tí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i wáyé.

Mo ní ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ oṣù. Nínú ìwé mi kejì, mo jẹ́ kí ọmọbìnrin kan jókòó síwájú ilé, kó máa lá àgbálùmọ̀, kó máa wo àwọn tó ń rọ́ lọ sí ọdún Ọ̀ṣun ní Òṣogbo. Ó dára lójú mi bí ẹyin tuntun. Mo kà á fún àbúrò ìyá mi. Ó gbọ́ ọ dé ìdajì, ó ní, "Níbo ló ti rí i?" Mo ní, "Kí ni?" Ó ní, "Àgbálùmọ̀. Ní Ọ́gọ́ọ̀sì?" Mo dákẹ́. Ẹ̀ẹ̀rùn ni àgbálùmọ̀ ń pọ́n, Disẹ́ńbà sí Máàṣì, ọdún Ọ̀ṣun sì wà láàárín òjò. Mo ti ka ojú ìwé yẹn fúnra mi, ó tó ìgbà ogún, ojú mi ò rí i. Etí ìyá arúgbó kan rí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Lẹ́yìn tí ẹ bá gbọ́ ọ tán látòkèdélẹ̀, ni a tó lè dáhùn ìbéèrè yín, pé báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀ pé orí kan dáa. Orí kan kì í dáa lóun nìkan. Ẹ mú orí kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ gbólóhùn kan ṣoṣo nípa rẹ̀: ta ló wọlé pẹ̀lú kí ni, tó jáde láìní in? Bísí, ọmọ iṣẹ́ inú ìtàn yín, wọ orí kẹjọ pẹ̀lú ìgbẹ́kẹ̀lé, ó jáde láìgbẹ́kẹ̀ lé ẹnikẹ́ni. Ó pé. Bí ẹ bá wá rí orí kan tí gbogbo èèyàn wọlé, tí wọ́n jẹ ẹ̀bà, tí wọ́n sọ ìròyìn ìlú, tí wọ́n sì jáde bí wọ́n ṣe wọlé, orí yẹn kò ì tíì ní iṣẹ́ nínú ìwé. Ẹ wo ohun tó ṣe kókó níbẹ̀, ó lè jẹ́ gbólóhùn méjì péré, ẹ yọ ọ́, ẹ rán an mọ́ orí tó tẹ̀ lé e, ẹ tọ́jú ìyókù síbi kan. Ẹ má pa á rẹ́. Ẹni tó ti ju àgékù aṣọ nù rí mọ̀ pé ọjọ́ tó bá jù ú nù ni oníbàárà máa ń béèrè fún gèlè ọmọ.

Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ẹ fi orí kìíní sílẹ̀. Orí kìíní kò lè mọ ohun tó yẹ kó ṣèlérí títí tí orí kejìlélógún yóò fi sọ ohun tí òun fẹ́ san. Ìgbà mọ́kànlá tí ẹ tún un kọ yẹn, ẹ̀ ń rán ọrùn aṣọ tí ẹ ò tíì wọn orí ẹni tó máa wọ̀ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wá dé ìpínrọ̀ tí ẹ fi ránṣẹ́. Ibí ni mo fẹ́ dúró sí díẹ̀, torí èmi ò rí ẹni tó ń fi ṣùúrù ṣàlàyé rẹ̀. Ẹ kọ pé:

"Bísí wọ inú yàrá náà. Ó wo Ṣadé. Ó mú ẹ̀mí jíjìn kan. Ó sọ fún un pé ó ti mọ gbogbo ohun tí ó ṣe. Ó fún un ní ẹ̀rín kan tí kò dé ojú rẹ̀. Ilẹ̀kùn náà ni a tì láti ọwọ́ Bísí."

Ẹ ní ọmọ iṣẹ́ ni Bísí, Ṣadé ni ọ̀gá rẹ̀, ọjọ́ tó mọ̀ pé ọ̀gá ti ná owó fíríìdọ̀mù òun nìyí. Ọ̀rọ̀ ńlá ni. Aránṣọ wo ni kò mọ ohun tí owó fíríìdọ̀mù jẹ́? Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ìpínrọ̀ náà ṣe gbé e.

Ẹ ka "ó" tó wà níbẹ̀. "Ó sọ fún un pé ó ti mọ gbogbo ohun tí ó ṣe." Ta ló mọ̀? Ta ló ṣe? "Ó" wa kò sọ ọkùnrin, kò sọ obìnrin, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ èwo nínú ẹni méjì ló ń tọ́ka sí. Bí ẹni méjì bá jọ wà nínú yàrá, ó ti di ojú ọjà. Èdè wa sì ti fún wa ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, a kì í kàn lò ó. Ẹ wo méjèèjì yìí: "Bísí ní ó ti mọ̀" àti "Bísí ní òun ti mọ̀." Nínú èkejì, Bísí fúnra rẹ̀ ló mọ̀, kò sí àríyànjiyàn. Nínú èkíní, ẹlòmíràn ló mọ̀. "Òun" ni ẹni tí ọ̀rọ̀ ti ẹnu rẹ̀ jáde. Àgbà tó ń sọ ìtàn lábẹ́ igi kì í ṣi èyí lò. Àwa tí a lọ sí iléèwé ni àṣìṣe yẹn ń bá jà. Ní ìpele yìí, ẹ ṣe iṣẹ́ yìí nìkan ṣoṣo fún odindi orí: ẹ wá gbogbo "ó" tó bá tẹ̀ lé "ní", "sọ pé", "rò pé", ẹ bi í léèrè ta ni ó jẹ́. Kò sí ohun mìíràn láàárọ̀ yẹn. Iṣẹ́ ogún ìṣẹ́jú nìyẹn, ó níbẹ̀rẹ̀, ó lópin.

Ó tún kù. "Ó mú ẹ̀mí jíjìn kan" kì í ṣe ohun tí ìyá yín yóò sọ. Yóò ní "ó mí kanlẹ̀". "Ó fún un ní ẹ̀rín" ńkọ́? A kì í fún èèyàn ní ẹ̀rín bí ẹni fún un ní ṣéńjì. Èèyàn ń rẹ́rìn-ín síni ni. Bí ẹ̀rín náà ò bá ti inú wá, a ní "ó kàn fẹyín sí i lásán". "Ilẹ̀kùn náà ni a tì láti ọwọ́ Bísí": inú ìwé ìjọba ni irú gbólóhùn yìí ń gbé. Bísí ló tilẹ̀kùn. Ó parí. Ìwé òyìnbó ni gbogbo wa kà nílé ẹ̀kọ́, ojú ìwé wọn ló wà lọ́kàn wa bí a bá gbé báírò. Bí ẹ bá fẹ́ dán gbólóhùn kan wò, ẹ pe ìyá yín lórí fóònù, ẹ fi gbólóhùn náà ròyìn ohun kan fún un, ẹ má sọ pé ìwé ni. Bí ó bá ní "kí lo wí?", ẹ tún un kọ.

Bí mo ṣe máa kọ ọ́ nìyí, kì í ṣe pé ó pọn dandan kí ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀:

"Bísí wọlé, ó tilẹ̀kùn. Ṣadé ń gé aṣọ lọ́wọ́, kò gbójú sókè.
'Ta ló ní kí o tilẹ̀kùn?'
Bísí mí kanlẹ̀.
'Mo ti mọ gbogbo ohun tí o ṣe.'
Sísọ́ọ̀sì dúró lórí aṣọ."

Ẹ wo "tí o ṣe" yẹn. Ọdún mẹ́ta ni Bísí ti ń pe Ṣadé ní "ẹ". Ọ̀gá ni, a kì í pe ọ̀gá ní "o". Lójijì, "o" kan jáde lẹ́nu rẹ̀. N ò kọ pé ó bínú, n ò kọ pé ojú rẹ̀ pọ́n, n ò sọ irú ẹ̀rín tó rín. Gbogbo Yorùbá tó bá ka "o" yẹn ni àyà rẹ̀ máa já. Sísọ́ọ̀sì gan-an gbọ́ ọ. Ohun èlò yìí wà lọ́wọ́ wa lọ́fẹ̀ẹ́, àmọ́ kò ní ṣiṣẹ́ bí ẹ bá ti ṣi "ẹ" àti "o" lò ní orí kẹta, torí òǹkàwé á rò pé àṣìṣe ni. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ kọ "ẹ" àti "o" sínú ìwé ìwọ̀n nìyẹn. Èyí tún kan ẹ̀yin asọ̀tàn: ṣé "ó" lẹ ń pe Ṣadé nígbà tí ẹ bá ń ròyìn rẹ̀, àbí "wọ́n"? Ẹ mú ọ̀kan. Bí ojú Bísí la fi ń wo ìtàn, ẹ lè fi "wọ́n" bẹ̀rẹ̀ kí ó di "ó" láti ọjọ́ yẹn lọ. Àmọ́ kí ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é.

Òwe. Mo fẹ́ràn òwe bí gbogbo èèyàn, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ìwé tó ń dé ọwọ́ mi ló ní òwe mẹ́fà lójú ewé kan, ẹnu ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ló sì ti ń jáde. Níbo ni ọmọdé ti ń pòwe níwájú àgbà láìsọ "tótó, ó ṣe bí òwe"? Àgbà náà á sì ní "o ó rí òmíràn pa". Bí ẹ bá fi òwe sẹ́nu ọmọ, ẹ jẹ́ kó tọrọ gáfárà, tàbí kí ẹ jẹ́ kí ẹnìkan bá a wí pé kò tọrọ rẹ̀. Èyí tó kù, ẹ yọ ìdajì wọn.

Àmì ohùn ni ẹ máa fi kẹ́yìn, pàápàá tó jẹ́ pé fóònù lẹ fi ń kọ ọ́. Àmọ́ ohun mẹ́ta kan wà tí kò gbọdọ̀ dúró dìgbà ìkẹyìn: àmì abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ, ìyàtọ̀ láàárín "o" àti "ó", àti orúkọ èèyàn. Ẹ ti rí ìdí tí "o" àti "ó" fi ṣe pàtàkì. "Mo ti mọ ohun tí ó ṣe", ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ni wọ́n ń sọ. "Mo ti mọ ohun tí o ṣe", ìjà ti dé. Àmì kékeré kan ni gbogbo orí kẹjọ yín dúró lé. Ní ti àkọtọ́, ti 1974 ni kí ẹ tẹ̀ lé: "ayé" ni, kì í ṣe "aiye", "wọ́n" ni, kì í ṣe "nwọ́n", "yóò" ni, kì í ṣe "yio". Bíbélì àtijọ́ ló máa ń ti àwọn yẹn bọ̀ wá sọ́wọ́ wa.

Ohun kan wà tó jẹ mọ́ fóònù tí mo ti fi ìtìjú kọ́. Lẹ́tà "ẹ́", ojú kan ṣoṣo ló ní lójú yín, ṣùgbọ́n inú fóònù tàbí kọ̀ǹpútà, ó lè jẹ́ "ẹ" tí wọ́n gbé àmì lé lórí, ó sì lè jẹ́ "é" tí wọ́n fi àmì sí lábẹ́. Bí ẹ bá lo kíbọọ̀dù kan lónìí, tí ẹ lo òmíràn lọ́la, ìwé yín á kún fún oríṣi méjèèjì, ojú ò ní mọ̀, àmọ́ bí ẹ bá ní kí ẹ̀rọ bá yín wá ọ̀rọ̀ kan, ó lè fo ìdajì wọn. Mo yí orúkọ ẹ̀dá ìtàn mi kan padà nígbà kan, láti Àjọkẹ́ sí Àṣàkẹ́, mo ní kí ẹ̀rọ yí gbogbo rẹ̀. Ó ní òun ti ṣe é. Ìwé ti jáde tán kí òǹkàwé kan tó béèrè lọ́wọ́ mi ta ni Àjọkẹ́ tó ń sunkún nílé Àṣàkẹ́ ní orí kejìdínlógún. Torí náà, kíbọọ̀dù kan ṣoṣo látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Gboard ní ti Yorùbá, ó sì tó. Bí ẹ bá fẹ́ yí orúkọ padà, ẹ fi ojú ṣe é, ẹ má fi ẹ̀rọ nìkan ṣe é.

Ẹ máa rí i pé lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ojú á ti mọ ìwé náà jù, kò ní rí àṣìṣe mọ́. Ẹ yí irú lẹ́tà tí fóònù ń lò padà, ẹ sọ ọ́ di ńlá gbàgẹ̀dẹ̀, á dà bíi ìwé ẹlòmíràn. Ẹ má tíì náwó lórí títẹ̀ ẹ́ sórí bébà títí dìgbà tí ẹ bá kan àmì ohùn. Bébà wọ́n.

Ohun kan ṣoṣo ló kù tó so iṣẹ́ àti àsìkò pọ̀, òun ni mo fi ń dá ara mi mọ́lẹ̀. Kí ẹ tó dìde lórí bẹ́ǹṣì, kódà bí oníbàárà bá ti dé tó ń kígbe, ẹ kọ iṣẹ́ ọ̀la sínú ìwé ìwọ̀n, gbólóhùn kan: "Orí 7: wá gbogbo 'ó' tó tẹ̀ lé 'ní'." Tàbí "Orí 12: kí ni màmá Ṣadé wá ṣe níbẹ̀?" Kó má jẹ́ "máa bá iṣẹ́ lọ". Bí ẹ bá jókòó lọ́jọ́ kejì, ẹ ò ní nílò ìmísí, ẹ ò sì ní sá lọ sí orí kìíní, torí iṣẹ́ ti wà nílẹ̀ tó ń dúró dè yín. Ọjọ́ tí mo bá gbàgbé láti kọ gbólóhùn yẹn, mo mọ̀ pé ọjọ́ kejì ti bàjẹ́; tíì ni n ó máa pò, ìròyìn ni n ó máa gbọ́.

Láàárọ̀ ọ̀la, orí kẹrin ni. Ẹ kà á sókè bí wọ́n bá ti gbá ilẹ̀ tán. Àwọn ọmọ iṣẹ́ yín á dúró gbọ́, ọ̀rọ̀ fíríìdọ̀mù ni kẹ̀. Ẹ má lé wọn. Ẹ kàn máa ṣọ́ ibi tí ọ̀kan nínú wọn bá ti yọ fóònù jáde, kí ẹ sàmì síbẹ̀.